Alhaja Bùsírátù àti Ìpinnu Ẹgbẹ́ Wa Lórí Irọ́ Orí Fóònù

Bí ẹ bá dé ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ẹ sì béèrè Alhaja Bùsírátù, ẹnikẹ́ni ló máa sìn yín dé ìsọ̀ rẹ̀. Obìnrin gíga ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá ti ní “Ẹ gbọ́ mi ná,” ariwo tán nìyẹn. Ìdílé oníṣòwò Mùsùlùmí ní Láfẹ́nwá ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní aró rírẹ. Òun ni aṣáájú àwọn obìnrin nínú Ẹgbẹ́ Ìfẹ́-Ìlú ní wọ́ọ̀dù wa. Èmi Fátọ́lá, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni akọ̀wé. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣe òṣèlú, ìdí nìyẹn tí ojú fi ń tì mí láti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó yẹ kí ọjà máa yá, ohùn obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí WhatsApp. Ó ní aró tí Alhaja Bùsírátù ń lò máa ń bó èèyàn lára, kí àwọn ìyá má fi àdìrẹ rẹ̀ pọn ọmọ mọ́. Wọ́n fi àwòrán ọmọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó yánnayànna tì í. Ibi tí wọ́n ti rí àwòrán yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni béèrè? Rárá o, ńṣe là ń fi ránṣẹ́ síra wa. Èmi tí mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n ka ìbéèrè yé kí wọ́n tó dáhùn, mo gbé e sínú gúrúùpù ẹgbẹ́ wa, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, “Fún àkíyèsí yín.” Àgbàyà ni mí lọ́jọ́ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sí ẹni tó ń yà sí ìsọ̀ Alhaja mọ́.

Àwọn obìnrin ọjà yẹn ní òfin kan tí kò sí nínú ìwé. Bí ẹnì kan bá fi ẹnu ba aṣọ ẹlòmíràn jẹ́, wọn á gbé aṣọ náà síta, wọn á sì dán an wò lójú gbogbo ọjà. Bí aṣọ náà bá yege, ẹni tó bà á jẹ́ á ró o, á máa lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, á sì máa wí pé òun parọ́ mọ́ ọn. Alhaja fọ ọ̀kan nínú àdìrẹ rẹ̀ lójú wọn, ó ró o ní tútù, ó sì jókòó sínú rẹ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n fi kí ìrun Àsárì. Nígbà tí àwọn àgbà obìnrin yẹ ara rẹ̀ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ta ni kò mọ ẹni tó ni ohùn orí fóònù yẹn? Ràhámátù ni, tí òun náà ń ta àdìrẹ ní ìlà ẹ̀yìn. Ó ró aṣọ náà, ó sì rìn yí ọjà ká bí òfin ṣe wí.

Ṣùgbọ́n irọ́ tó wà lórí fóònù kò dúró. Láti Ìlọrin, láti Ìbàdàn, àwọn oníbàárà ṣì ń pè láti béèrè bóyá òótọ́ ni. Ìgbà yẹn ni Alhaja ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò. Ó lọ bá Ràhámátù.

Ó ní, “Inú ọjà nìkan kọ́ lo ti sọ ọ́. Gbé fóònù ẹ, ohùn tó o fi sọ̀rọ̀ níjọ́sí náà ni kó o fi kó o jẹ.”

Ràhámátù ṣe bẹ́ẹ̀. Alhaja wá ń tọ àwa tá a ti fi irọ́ náà ránṣẹ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ mi.

“Ẹ kú ilé o, Tíṣà. Ibi tẹ́ ẹ gbé tàkọ́kọ́ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé èyí náà débẹ̀.”

Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi! Mo gbé e débẹ̀, mo sì kọ orúkọ mi sí i. Nígbà tí Iléyá fi ku ọjọ́ márùn-ún, èrò ti ń ti ara wọn ní ìsọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn olórí ẹgbẹ́ wa gbọ́ lọ́dún yìí, nígbà tí ìjọba ń sọ pé òun fẹ́ ṣòfin lórí irọ́ orí ẹ̀rọ ayélujára, tí ẹgbẹ́ sì ní láti sọ ibi tó dúró sí. Wọ́n pe àwọn aṣojú jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Abẹ́òkúta. Tolúlàṣẹ, lọ́yà ẹgbẹ́, ti kọ ìwé kan sílẹ̀: kí ìjọba yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa pinnu ohun tó jẹ́ irọ́, kí wọ́n máa pa á rẹ́, kí ẹni tó sọ ọ́ sì lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní kí Alhaja wá jẹ́rìí sí i, nítorí ta ni irọ́ tíì ṣe léṣe bíi tirẹ̀?

Alhaja dìde. “Ẹ gbọ́ mi ná. Mi ò fara mọ́ ìwé yìí.”

Inú bí Ògúnwọlé, alága ẹgbẹ́ wa. “Alhaja! Ẹ̀yin tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́?”

“Èmi náà ni, Alága. Lọ́dún tó kọjá, ìdọ̀tí dí gọ́tà wa ní Láfẹ́nwá, a yà á ní fọ́tò, a póòsì ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó yẹ kó kó o ní irọ́ ni. Tó bá jẹ́ ìgbìmọ̀ yín ti wà nígbà yẹn, àwa là bá wà ní sẹ́lì. Ẹni tó bá parọ́, kó fẹnu ara ẹ̀ kó o jẹ níbi tó ti pa á. Tí ò bá gbà, kóòtù wà ńbẹ̀. Kí ìjọba náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá parọ́ fún wa.”

Tolúlàṣẹ rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Mà. Ta ló máa gbà láti ṣe irú ìyẹn?”

“Èmi ni.” Ràhámátù ló dáhùn látẹ̀yìn. Alhaja ló mú un wá. “Ká ní wọ́n tì mí mọ́lé ni, ǹ bá jáde wá sọ pé òótọ́ ni mo sọ tí wọ́n fi pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde, kò sí ẹnu ẹlòmíì tó lè pa á rẹ́.”

A dìbò. Méjìlélógún fẹ́ ìwé lọ́yà. Mọ́kànlélọ́gọ́ta fẹ́ ti Alhaja! Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn obìnrin ṣe ń yọ̀ ni Alhaja tún gbọ́wọ́ sókè.

“Ó kù kan. Fọ́tò ìpàdé wa ti Sátidé, tó wà lójú ewé ẹgbẹ́ lórí ayélujára, ìlú wo ni èrò rẹpẹtẹ yẹn ti wá?”

Gbogbo wa la mọ̀ pé fọ́tò náà kì í ṣe tiwa. Alága wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wo ìwé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò fún. Níkẹyìn ó dìde. Kò sẹ́ni tó fipá mú un, mo sì ń kí i fún ìyẹn títí dòní. Alhaja di fóònù mú níwájú rẹ̀, ó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Alága ní, “Ẹ̀yin ará ìlú, èrò tẹ́ ẹ rí nínú fọ́tò wa, kì í ṣe tiwa. Àwa tá a wà níbẹ̀ gan-an ò ju bí ọgọ́rùn-ún lọ…”

Alhaja ní, “Alága, ẹ tún un sọ.”

Alága mí kanlẹ̀. “Méjìdínlógójì ni wá.”

Gbọ̀ngàn bú sáriwo, gbogbo wa dìde dúró, à ń pàtẹ́wọ́.