Ẹni Tó Ń Gbè fún Màmá

Onínú fùfù ni mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà mí má bàa rò pé ẹlòmíràn ló fa wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn yìí. Ní Ìlaró, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi fẹ́ràn jù ni dọ́bùsítẹ́ẹ̀pù, orin inú ẹ̀rọ tí béèsì rẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ tó wúwo, máa ń mi àyà bí ìgbà tí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mò ń gbọ́ ọ, mo sì ń po tèmi náà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tẹ̀wé, nígbà tí ọjà bá dá.

Àwa bíi mọ́kànlá la fẹ́ràn orin yìí lágbègbè wa. A ní gúrúpù lórí fóònù, a sì máa ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, lórí bẹ́ǹṣì méjì àti àpótí ọtí ẹlẹ́ridòdò. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé ọ̀rọ̀ ogún ilẹ̀ là ń sọ. Pírodúsà wo, ìyẹn ẹni tó ń po orin, ló mọ béèsì lò jù? Èwo nínú wọn ló kàn ń dẹ́rù ba etí? Àwo wo ni orin mẹ́rìnlá wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ló ṣeé gbọ́? Ọmọ Ìjọun kan wà láàárín wa tó máa ń kó orin bọ̀ láti òdìkejì bọ́dà, tí yóò fi Faransé gbè é lẹ́sẹ̀ pé “sẹ́ bọ̀ǹ, sẹ́ bọ̀ǹ,” ìyẹn ni pé ó dáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin náà kò dáa rárá.

Ẹni tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ máa ń fà á jù ni ẹ̀gbọ́n kan tó ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì láti Ìbèṣè. Ọ̀rọ̀ àwọn akọrin tó ń fẹnu kọ ọ́ lójú agbo ló máa ń dá ìjà wa sílẹ̀. Èmi ò gba tiwọn.

“Pírodúsà ló lorin,” ni mo máa ń sọ. “Akọrin yẹn á gbàgbé ọ̀rọ̀, á máa mí fìn-ìn sínú máìkì, á wọlé níbi tí wọn ò pè é sí. Kí ló kúkú wá ṣe níbẹ̀?”

“Àbúrò,” ẹ̀gbọ́n á dáhùn, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè, èyí tó máa ń bí mi nínú jù, “orin tí kò lẹ́nu, ta ló ń bá sọ̀rọ̀?”

Nígbà tó yá, a pinnu pé a máa yá gbọ̀ngàn kan ní Ayétòrò ní ọ̀sán Sátidé kan, kí kálukú gbé ohun tó bá ní wá. Ẹ̀gbọ́n bá kọjú sí mi níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní tí n bá lè mú ẹni tó máa dúró fi ẹnu ara rẹ̀ kọrin, tí béèsì mi ò sì pa ẹni náà mọ́lẹ̀, òun á gbà pé mo mọṣẹ́. Inú ti ń bí mi. Mo ní, “Ìyá mi ni màá mú wá.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Nígbà tí Màmá mi wà ní ọ̀dọ́, bọ̀lọ̀jọ̀ ni wọ́n ń kọ, orin àti ijó àwa ará Yewa. Àwọn ló ń dárin, àbúrò wọn obìnrin ló sì ń gbè é. Láti Ajílété dé Ìjọun ni wọ́n ti ń wá wọn. Àbúrò yẹn kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Màmá ò kọrin mọ́, ìbáà ṣe ní ìdí ààrò tàbí nígbà tí wọ́n bá ń gbálẹ̀. Ilé wa dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ ìró aago ara ògiri. Ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n onítírélà kàn jẹ́ àwáwí ni, ohun tí mo fẹ́ ni kí ìyá mi tún máa kọrin.

Mo bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní, “Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?” Mo ní rárá. A wọ yàrá, mo pa fèrèsé dé, mo fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, mo sì gbé fóònù lé orí ìrọ̀rí níwájú wọn. Màmá pa ojú dé, wọ́n dárin. Ohùn náà ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì gún régé. Wọ́n á kọ ìlà kan, wọ́n á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún kọ òmíràn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ orin ló ń sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Àánú wọn ṣe mí.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣe ohun tí ọlọ́gbọ́n ọmọ máa ń ṣe, mo bo àṣìṣe ìyá mi. Gbogbo ibi tí wọ́n ti dákẹ́ ni mo gé kúrò, mo so ìlà mọ́ ìlà, mo wá da béèsì lé gbogbo rẹ̀ lórí. Orí mi wú. Mo fi ránṣẹ́ sí gúrúpù, kálukú sì ń yìn mí. Ẹ̀gbọ́n onítírélà nìkan ló kọ ọ́ pé, “Ó dùn o. Ṣùgbọ́n màmá yìí ò mí.” Mo dá a lóhùn pé kó lọ gbájú mọ́ bíréèkì ọkọ̀ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo fi íapíìsì sí Màmá létí. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń retí ẹ̀rín. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n yọ ọ́ létí, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Àbúrò mi dà?” ni wọ́n bi mí.

Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

“Ibi tí mo ti dákẹ́ yẹn, ibi tó ti máa ń gbè é nìyẹn. Mo fàyè rẹ̀ sílẹ̀. Mò ń gbọ́ ọ bó ṣe ń dáhùn. O wá gé e dànù.” Wọn ò bínú; ká ní wọ́n bínú ni, ara ìbá tù mí. Wọ́n ní, “Má mú mi lọ sí Ayétòrò. Èmi àti orin ti parí.” Wọ́n dìde, wọ́n lọ ká aṣọ lórí okùn.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ọmọdé. Èmi tí mò ń pariwo pé pírodúsà ló lorin, mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ àbúrò ìyá mi tó ti kú kúrò nínú ibi kan ṣoṣo tó kù tó ti lè bá wọn sọ̀rọ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n onítírélà lórí fóònù, mo ní kó má bínú sí mi. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní, “Ṣé ohùn àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?” Ó wà. Mi ò tíì pa á rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mi ò gba iṣẹ́ oníbàárà kankan. Mo tú gbogbo orin náà ká. Mo dá gbogbo ìdákẹ́jẹ́ padà bí Màmá ṣe fi í sílẹ̀, láìdín ìṣẹ́jú àáyá kan. Níbi tí Màmá ti ń kọrin, mi ò fi nǹkan kan sí i. Níbi tí wọ́n ti dákẹ́ nìkan ni mo fi béèsì sí, kó máa dáhùn.

Ẹ̀gúsí ni Màmá ń bó nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò ṣàlàyé, mo kàn fi í sí wọn létí. Ìlà kìíní kọjá, béèsì sì dáhùn. Ọwọ́ wọn dúró lórí ẹ̀gúsí. Nígbà tó parí, wọ́n ní, “Tún fi í sí i.” Wọ́n padà sí ẹ̀gúsí wọn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bá wọn tí wọ́n ti wẹ̀, tí wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n ní, “Àbí ẹsẹ̀ la máa fi rìn dé Ayétòrò ni?”

Èèyàn bí ogójì ló wà ní gbọ̀ngàn náà. Nígbà tó kan wá, mo yọ ohùn wọn kúrò, mo fi béèsì nìkan sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, Màmá gba máìkì, wọ́n wo sípíkà ńlá méjèèjì bí ẹni ń wo àlejò tí wọn ò tíì mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n kọ ìlà kìíní, béèsì dáhùn, ilẹ̀ mì. Wọ́n kọ ìkejì, ó dáhùn. Ara tù mí. Àṣé akọrin bọ̀lọ̀jọ̀ kì í rí èèyàn kó má fi orin bú u. Ojú wọn bọ́ sára ẹ̀gbọ́n onítírélà tó dúró níwájú pẹ̀lú eruku sìmẹ́ǹtì lára ṣòkòtò, wọ́n sì fi orin sílẹ̀, wọ́n dá tuntun:

“Ó ń ru sìmẹ́ǹtì kọ́lé fáráyé,
Inú ọkọ̀ lòun fúnra rẹ̀ ń sùn!”

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ò mọ̀ pé wọ́n ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Béèsì já lu àárín ọ̀rọ̀ wọn gbì. Màmá dúró. Wọ́n yíjú wò mí, ọwọ́ tó di máìkì mú sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí máìkì yẹn bá lè dé orí tábìlì, mi ò ní gbọ́ orin lẹ́nu ìyá mi mọ́ láyé yìí.

Mo pa orin tí mo ti tò sílẹ̀. Mo gbé ìka lé bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí béèsì wà lára rẹ̀, mo tẹjú mọ́ ẹnu wọn, mo sì mi orí sí wọn pé kí wọ́n dá a.

Wọ́n dá a. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo pẹ́. Wọ́n dá òmíràn, mo tún pẹ́, ṣùgbọ́n kò tó ti àkọ́kọ́. Ní ìkẹta, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń bú fúnra rẹ̀ ló ti ẹ̀rín bọ́ sí i, tó fi ohùn ńlá kígbe “Bẹ́ẹ̀ ni o!” pẹ̀lú béèsì mi. Ní ìkẹrin, gbogbo èèyàn ló gbè é. Orin tí kò ṣòro dá kì í ṣòro gbè. Màmá bú ọmọ Ìjọun, wọ́n bú ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, wọ́n bú èmi náà pé mo ń bá ẹ̀rọ ṣe lọ́kọláya. Mo ń tẹ bọ́tìnnì, omijé ń bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, mi ò sì lè gbé ọwọ́ kúrò láti nù ún.

A ò tilẹ̀ rántí ẹni tó borí nínú àríyànjiyàn mọ́. Ẹ̀gbọ́n sìn wá dé gáréèjì, ó sì ń pe Màmá ní ọ̀gá rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Ìlaró, èmi àti Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu.

“Màmá, ẹ má bínú. Mo ń pẹ́ dáhùn.”

“O pẹ́ púpọ̀,” ni wọ́n wí. Wọ́n tún gèlè wọn ṣe, wọ́n wo ìta fèrèsé. “Àbúrò mi náà pẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.”