Bàtà Láídé ní Ṣọ́ọ̀ṣì Orí Òkè

Èmi nìkan ni bíríkìlà tó fi orí ru odidi ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta gun òkè kan ní ilẹ̀ Ítálì, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ láìjẹ́ kí iná àbẹ́là kan ṣoṣo kú nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá wo àárín orí mi. Ó ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Nathan Way ní London ló ní kí n kọ ohun tí ojú mi rí nínú ogun Líbíà sílẹ̀, kí n tó gbàgbé. Bí mo ṣe ka ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fún wọn, Tọ́lá tó ń tẹ dùrù wa bú sẹ́rìn-ín.

"Daddy Àgbà, abeg, ogun la ní kí ẹ sọ, kì í ṣe àlọ́."

Mo ní, "Ìwọ tí wọ́n bí sí Thamesmead, tí bọ́ọ̀sì bá pẹ́ díẹ̀ o ti ń pariwo pé ayé ti bàjẹ́, kí lo mọ̀ nípa ogun?"

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, n kò mọ bí àwọn alákọ̀wé ṣe ń to ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ti bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ parí rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ní Tírípólì, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwa Aládùúrà máa ń ṣe ìsìn, torí pé ọjọ́ iṣẹ́ ni Sunday níbẹ̀. Yàrá ìsàlẹ̀ ilé kan tí wọn kò tíì kọ́ parí là ń lò. Èmi àti Láídé la rẹ́ àjà rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Láídé, bíríkìlà bíi tèmi. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, Bọ̀ọ̀dá ló ń pè mí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọ ibi mímọ́, ó wo bàtà mi tó ti ya níwájú.

"Bọ̀ọ̀dá, bàtà yín ti la ẹnu. Ṣé ó fẹ́ jẹ́rìí ni, àbí ebi ló ń pa á?"

Ẹ̀rín la rín wọlé.

Orin kejì la wà nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú kọjá. A kò dá orin dúró. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọjá bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa fò. N kò gbọ́ ariwo rẹ̀ tán. Etí mi ti di kí ó tó parí. Ohun gbogbo funfun lójú mi, eruku sìmẹ́ǹtì. Àjà já. Mo wá ọwọ́ Láídé nínú eruku náà, mo fà á jáde. Ẹsẹ̀ lásán la fi sá. Bàtà gbogbo ìjọ wà níbi tí a tò wọ́n sí.

Àwọn tó gbé ìbọn ní ìgboro ń pe gbogbo ènìyàn dúdú ní sọ́jà tí wọ́n fi owó háyà. Ẹni tó bá jáde lọ ra oúnjẹ lè má padà. Inú ọgbà kan tí wọ́n ń kó yanrìn sí la sá pamọ́ sí. Búrẹ́dì gbígbẹ là ń rẹ sínú tòmátò inú agolo. Nígbà tí tòmátò tán, omi la fi ń rẹ ẹ́. Nígbà tí búrẹ́dì tán, à ń mu omi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Láídé kò fẹ́ wọ abẹ́ ohunkóhun mọ́. Àwa yòókù há mọ́ inú ahéré ọlọ́dẹ. Òun dùbúlẹ̀ sórí yanrìn níta.

"Láídé, wọlé. Ọta ìbọn kò mọ ẹni tó ń sùn."

"Ẹ fi mí sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Ojú ọ̀run kì í já."

Ọkọ̀ ojú omi tí a bá sá lọ kò ní òrùlé, nítorí náà Láídé nìkan ló rí oorun sùn nínú rẹ̀. Àwa yòókù ń bì, à ń gbàdúrà. Ẹja kan yọ orí, ó bi mí bóyá mo ní ìwé ìrìnnà. Mo ní n kò ní. Ó ní òun náà kò ní, kí n máa lọ.

Láti erékùṣù Ítálì tí a gúnlẹ̀ sí, wọ́n kó wa lọ sí ìlú kékeré kan lórí òkè. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wà ní títì. Àwọn arúgbó ló kù. Ṣọ́ọ̀ṣì wà ní ṣóńṣó òkè, ó dàgbà ju àwọn ilé tó yí i ká lọ. Ilé àlejò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi wá sí. Màmá arúgbó kan, Asúńtà, ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Lára ògiri inú rẹ̀ ni wọ́n so àwọn pátákó kéékèèké mọ́, tí àwọn tó bọ́ nínú ewu yàwòrán sí láti fi dúpẹ́: ẹnì kan ń jábọ́ lórí ẹṣin, ọkọ̀ kan ń rì, ilé kan ń jó. Mo fọwọ́ kan ògiri náà. Ó nípọn tó gígùn apá mi.

Láídé kò wọlé. Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn, òtútù sì ti ń bọ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó wa sọ fún mi pé bí yìnyín bá bọ́, tí Láídé ṣì wà níta, wọn yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, níbi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ Láídé lábẹ́ àjà, kò ní jáde bí ó ṣe wọlé. Mo lọ bá a.

"Bíríkìlà ni ẹ́. Wá wo iṣẹ́ yìí. Kí àwọn baba ńlá wa tó dáyé ló ti wà níbí."

"Èyí tí àwa rẹ́ ńkọ́, Bọ̀ọ̀dá? Ṣé iṣẹ́ wa kò dára ni?"

Mo padà wọlé.

Síbẹ̀, kò sí àárọ̀ tí kì í wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Á bọ́ bàtà tí wọ́n fún un, á kúnlẹ̀ síta, á gbàdúrà, á padà sábẹ́ igi. Asúńtà á máa fọwọ́ pè é láti inú. Ní ọjọ́ kan, màmá náà nawọ́ sójú ọ̀run, ó fi ẹnu dún bí ọkọ̀ òfuurufú, ó fi ẹnu dún bí bọ́ǹbù, ó wá gbé ọwọ́ sí ìbàdí láti fi hàn wá bí òun ṣe kéré tó nígbà ogun tiwọn. Ó wá nawọ́ sí ìdí pẹpẹ. Ibẹ̀ ni òun sá sí. Láídé mi orí. Kò wọlé.

Òjò ń rọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Láídé kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, ó dijú. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Asúńtà jáde, ó rí i tí omi ti kún inú bàtà Láídé. Àánú ṣe é. Ó gbé e, ó rìn tààrà lọ sí iwájú pẹpẹ, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là kí ó lè gbẹ.

Ẹ̀yin Aládùúrà, ẹ mọ ohun tí mo ń wí.

Láídé lajú. "Bọ̀ọ̀dá, bàtà mi dà?"

Mo nawọ́ sínú.

"Yéè! Bàtà! Níwájú pẹpẹ!"

Ó fò dìde, ó sá wọlé, omi ń ṣàn lára rẹ̀. Ó gbá ẹsẹ̀ bàtà kan mú. Asúńtà rò pé ó fẹ́ wọ bàtà tútù jáde sínú òtútù, òun náà gbá a mú. Ó ń bá a wí ní èdè rẹ̀. Láídé ń fi Yorùbá dá a lóhùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbé e jáde! Ibi mímọ́ ni! Ṣé ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run bínú sí àwa méjèèjì ni?"

Màmá fà á. Láídé fà á.

Ààrá sán.

Gbogbo gíláàsì fèrèsé gbọ̀n. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ pọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ kan bo orí, ọwọ́ kejì kò sì fi bàtà sílẹ̀. Màmá arúgbó yẹn ká kò bí ọmọdé. Ààrá tún sán, ó sì kọjá lọ sí òkè kejì.

Láídé gbójú sókè. Àjà ṣì wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́, bí bíríkìlà ṣe ń wo iṣẹ́ bíríkìlà mìíràn. Omi tó ń kán láti ara bàtà sórí òkúta nìkan ni a ń gbọ́. Ọjọ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nínú ilé. Yìnyín bọ́, kò sì sí ẹni tó wá gbé e lọ.

Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú mi wá sí London lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ilé alájà púpọ̀ là ń gbé lẹ́bàá omi Southmere. Bí ó bá ti lọ síbi iṣẹ́, ilé á dákẹ́. Etí mi ọ̀tún kò gbọ́ràn láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, nítorí náà ìdákẹ́jẹ́ tèmi pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Tọ́lá, o ní ogun ni kí n sọ. Ibi tí mo ti parọ́ nìyí. Nígbà tí àjà já ní Tírípólì, mo wá ọwọ́ Láídé nínú eruku, n kò rí i. Kò sùn lórí yanrìn, kò wọ ọkọ̀, kò fojú kan Ítálì. Mo kàn mú un rìn nínú ìtàn ni, torí n kò fẹ́ dá rìn. Kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ òjò yẹn. Èmi ni mo kúnlẹ̀ nínú òjò; èmi àti Asúńtà la jọ di bàtà mú.