Ìyípo Mọ́kànlá Tí Màmá Kamala Jẹ́jẹ̀ẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé inú bí mi nínú ìrìn àjò yìí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń wá ìròyìn aládùn nípa Amẹ́ríkà, kó lọ bá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo kírun àsùbáà tán, ilẹ̀ ò tíì mọ́, mo ti Màmá Kamala lórí àga onítáyà rẹ̀ jáde kúrò nílé wa ní Humble, lẹ́bàá Houston, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti ń fò kọjá lórí òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ balẹ̀ sí pálọ̀ ẹni. Ará Íńdíà ni Màmá Kamala. Ilẹ̀kùn tèmi àti tirẹ̀ ló kọjú síra. Opó ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ti bàjẹ́. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Vikram, dókítà ni, apá kejì ìlú ló ń gbé. Vikram ló sanwó ìrìn àjò náà, dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Ó ní, "Auntie Sadiat, nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sìn wọ́n lọ. Mi ò ráyè." Ibẹ̀ ni inú ti kọ́kọ́ bí mi. Iṣẹ́ wo ló wà lágbàáyé tí kì í jẹ́ kéèyàn ráyè fún ìyá rẹ̀ ní Sátidé kan péré?

Ìrìn àjò ọ̀hún nìyí: àwọn ará Íńdíà ẹlẹ́sìn Hindu pọ̀ ní Houston, wọ́n sì ti kọ́ tẹ́ńpìlì káàkiri ìgboro àti ẹ̀yìn odi. Àwọn kan wá ń fi bọ́ọ̀sì kó èèyàn yí wọn ká, bí wọ́n ṣe máa ń rìnrìn àjò lọ sí ojúbọ nílẹ̀ wọn. Tẹ́ńpìlì márùn-ún lójúmọ́ kan. Ọkùnrin tó ń darí wa gbé asíá aláwọ̀ ìyeyè kan dání, ó sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo sí wa létí nínú bọ́ọ̀sì tí kò ju mọ́tò ilé ìwé lọ. Alásìíá ni mo sọ ọ́ lọ́kàn mi. Gbólóhùn tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ẹ káàárọ̀. Ó ní, "Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní tẹ́ńpìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pẹ́, a ò ní dúró dè é."

Òkúta funfun ni wọ́n fi kọ́ tẹ́ńpìlì àkọ́kọ́, wọ́n sì fín òdòdó sí i lára débi pé ojú mi ò mọ ibi tí yóò dúró sí. A bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bíi ti mọ́ṣáláṣí. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni àwọn ọ̀dọ́ tó wà nínú bọ́ọ̀sì wa. Bí wọ́n bá ti kan Màmá Kamala, wọn á bẹ̀rẹ̀, wọn á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á sì fọwọ́ náà kan orí ara wọn. Mo ní, háà, àwọn wọ̀nyí náà mọ àgbà! Wọ́n ní ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní darshan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn rí ojú òrìṣà, kí òrìṣà náà sì rí ojú tirẹ̀. Màmá Kamala ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ ni Alásìíá fun fèrè. Fèrè bí ti bọ́ọ̀lù! Mo bojú wò ó, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe nǹkan.

Ní èkejì, a bá ère ọlọ́run wọn kan tó ní ojú ọ̀bọ, Hanuman. Ìtàn rẹ̀ ni pé wọ́n rán an lọ já ewé kan wá lórí òkè láti fi wo ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ó débẹ̀, kò mọ èwo ni ewé náà, ló bá hú òkè náà látìdí, ó gbé e rù wá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo sọ fún Màmá Kamala pé mo mọ nọ́ọ̀sì tó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ rán an ní oògùn kan, yóò kó gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù wá. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà nìyẹn.

Ní ẹ̀kẹta, a jẹun nínú gbọ̀ngàn tó wà lábẹ́ tẹ́ńpìlì. Wọ́n ń pe oúnjẹ náà ní dosa. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀ pọ̀, ni wọ́n tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí irin gbígbóná, ó fẹ̀ ju àwo lọ. Dọ́là mẹ́jọ ni. Ẹran ò sí, ẹja ò sí, àlùbọ́sà pàápàá wọn ò fi sí i, ó sì dùn. Ibi tí a ti ń jẹun ni Màmá Kamala ti sọ ìdí tó fi wá.

Ó ní nígbà àrùn kòrónà, Vikram kó o níbi tó ti ń tọ́jú aláìsàn, ẹ̀rọ ló ń bá a mí fún ọjọ́ mọ́kànlá. Wọn ò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wọlé wò ó. Ó wá jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ganesha, ọlọ́run wọn tó ní orí erin, tí wọ́n gbà pé ó ń mú ìdènà kúrò lọ́nà, pé bí ọmọ òun bá yè, òun yóò fi ẹsẹ̀ òun yí i po nígbà mọ́kànlá láìwọ bàtà. Ọmọ yè. Láti ìgbà náà ló ti ní kí Vikram gbé òun lọ sí tẹ́ńpìlì Ganesha, Vikram sì ń dáhùn pé oṣù tó ń bọ̀.

Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ sọ fún un pé torí rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Rárá o, ìwọ náà má sọ fún un. Bí mo bá sọ ọ́, á dà bíi pé mò ń ka oore sí ọmọ mi lọ́rùn." Ó wo orúnkún rẹ̀. "Àmọ́ bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ yìí, mi ò mọ̀ bóyá màá tún lè fẹsẹ̀ lásán rìn mọ́. Òní náà ni. Òun ló kẹ́yìn nínú márààrún."

Ó wá pa ìtàn Ganesha fún mi. Ọmọ méjì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ bí. Wọ́n mú èso kan dání, wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ yí ayé po ló ni ín. Àbúrò gun ẹyẹ ọ̀kín rẹ̀, ó fò lọ. Ganesha sanra, eku ló ń gùn. Ó dìde, ó yí bàbá àti ìyá rẹ̀ po, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ayé mi." Òun ni wọ́n fún ní èso. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó yẹ kí wọ́n pa ìtàn yìí fún Vikram.

Tẹ́ńpìlì kẹrin ò ní ìròyìn, àfi fèrè. Agogo kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí a dé ti Ganesha, oòrùn ń jó ọ̀dà ilẹ̀ yọ. A bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gbàgàdà pé òrìṣà ń sinmi lọ́sàn-án, ó di agogo márùn-ún. Àṣà wọn ni, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, ọmọ ọdún mẹ́fà inú wọn mọ̀ ọ́n. Alásìíá tó ń gbowó lórí àṣà náà ni kò yẹ àkókò wò. Ojú sì tì í? Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́nu, ó ní, "Ẹ ya fọ́tò níwájú ilẹ̀kùn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì ń padà sílé."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, tó fi ata sẹ́nu! Mo rántí ọdún tí mo lọ sí Mẹ́kà. Ọkùnrin tó kó wa lọ náà gbé asíá báyìí, ó sì fi ìyá arúgbó kan láti Ẹdẹ sílẹ̀ ní Mínà, lẹ́bàá Mẹ́kà, torí pé kò lè sáré. Ọjọ́ yẹn mo dákẹ́. Ó ti ń dùn mí láti ìgbà náà. Mo wo Màmá Kamala. Kò sunkún, ó kàn ń tún etí ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń tún un ṣe. Mo gbéra, mo bá awakọ̀ lọ.

Awakọ̀ wa, ẹ ò ní gbà á gbọ́, ọmọ Mushin ni, Mufu lorúkọ rẹ̀, ó ń gbé ní àdúgbò Third Ward ní Houston. Mo ní kó bá mi gbé àga onítáyà náà sọ̀ kalẹ̀, àwa méjèèjì máa dúró di agogo márùn-ún.

Ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má put mi in trouble. Mo gbọ́dọ̀ return bus yìí by three. Báwo lẹ ṣe fẹ́ dé Humble láti ibí? No bus o, ẹ̀gbẹ́ freeway nìyí."

Mo ní, "Mufu, ká ní ìyá ẹ ni ńkọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ti wá mú ìyá mi wọ̀ ọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé àga náà, ó tún kó ìgò omi mẹ́fà lé wa lọ́wọ́. Alásìíá ń pariwo pé òun ò ní dá kọ́bọ̀ padà fún wa. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan fún un lédè Yorùbá tí mi ò ní kọ síbí. Bọ́ọ̀sì lọ.

A jókòó sábẹ́ òrùlé ibi tí wọ́n ń kó bàtà sí. Nígbà tí mo fẹ́ kírun, mo tẹ́ ìborùn mi sórí koríko. Màmá Kamala ní kí n gbé àga òun sún mọ́ mi, ó na ọ̀pá rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni má baà gba iwájú mi kọjá. Ta ló kọ́ ọ? Mi ò bi í.

Lẹ́yìn náà mo rìn jìnnà díẹ̀, mo pe Vikram. Ó ní òun máa rán ọkọ̀ wá gbé wa kíá.

Mo ní, "Ọkọ̀ wo? Ṣé ọkọ̀ ló bí? Ìyá ẹ kò ní wọ ọkọ̀ tóo bá rán. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ìwọ ti gbé tìrẹ pa mọ́!" Ó ní òun wà nínú ìpàdé. Mo bá tú àṣírí. Mo sọ ọjọ́ mọ́kànlá, mo sọ ìyípo mọ́kànlá, mo ní ẹ̀mí rẹ̀ ni ìyá náà fẹ́ fi orúnkún tó ti bàjẹ́ san. Mi ò dúró gbọ́ èsì, mo pa á.

Agogo márùn-ún, agogo inú tẹ́ńpìlì dún, ilẹ̀kùn ṣí. Màmá Kamala ní kí n fi àga sílẹ̀ níta. Ẹ̀sìn mi yé mi, mi ò tẹrí ba fún ère kankan. Apá arúgbó ni mo dì mú. A yí i po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, òógùn ti bò ó. Ní ẹ̀ẹ̀keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó fara ti ògiri, ó ní, "Sadiat, kò lọ mọ́." Mo mọ ara aláìsàn, òótọ́ ló ń sọ. Inú bí mi sí gbogbo ayé.

Ìgbà náà ni àlùfáà kan kígbe lẹ́nu ọ̀nà pé, "Bàtà! Bàtà!" Vikram ló sáré wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀, aṣọ ilé ìwòsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ta bàtà náà dànù, ó wá di apá kejì ìyá rẹ̀ mú. Ìyá náà wò mí, ó mọ̀ pé mo ti sọ ọ́, ó sì gbé ẹsẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tó kù, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ yí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ rìn. Lẹ́yìn ìkọkànlá, a jáde síta, Vikram jókòó sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó bàtà sí, ó wọ bàtà fún ìyá rẹ̀.

Òun ló wà wá padà sílé. Màmá Kamala sùn lẹ́yìn ọkọ̀. Vikram ní, "Auntie, ẹ bá mi wí, ó sì tọ́ sí mi. Ìyá tiyín ńkọ́, ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Mo ní Ìwó ni wọ́n wà, àbúrò mi ń tọ́jú wọn, mo sì máa ń pè wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, mi ò yẹ̀ ẹ́ rí.

Ó ní, "Ìgbà wo lẹ ti rí wọn gbẹ̀yìn?"

Mo wo ojú fèrèsé. Ọdún méje ni. Ọdọọdún ni mo ń sọ pé ó di Dìsẹ́ńbà. Mo ti dé Lọ́ńdọ̀n, mo ti dé Mẹ́kà, mo ti dé Dùbáì lọ ra góòlù. Gbogbo ọjọ́ ni mo fi ń bínú sí ọmọ ọlọ́mọ, èmi gan-an ni mo gun ọ̀kín. Ojú tì mí, mi ò sì rí ẹni tí màá tún bínú sí.

A délé, agogo mẹ́jọ alẹ́. Agogo méjì òru ni nílé, mi ò lè pè. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, ti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹnu mi má baà tún lọ síbi Dìsẹ́ńbà. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá mi. Wọ́n gbé e lójú ẹsẹ̀. Mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi dá mi dúró.

"Sadiat, òní kì í ṣe Jímọ̀. Ta ló kú?"