Òkúta Rédíò Lórí Páànù

Àkànbí, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ orí òkè tó ń wo ibi tí odò méjì ti pàdé, ọmọ a-fi-iṣu-gbàlejò kó tó bi í níbi tó ti ń bọ̀, ọkọ mi, aláròyé tí kì í gbà pé òun jẹ̀bi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ẹnu mi ò pè é rí, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Kálámù mi náà ò ní pè é. Bàbá ọmọ ni mo ń pè é.

Rédíò kan ṣoṣo la ní nílé wa ní Kabawa, àdúgbò wa ní Lọ́kọ́ja, kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ, òkúta kékeré méjì ló ń lò. Bí òkúta bá ti rẹ̀, a ó tò wọ́n sórí páànù ilé ìdáná kí oòrùn ọ̀sán fún wọn lágbára díẹ̀. Agbára díẹ̀ yẹn nìjà wa. Èmi ń fẹ́ orin, torí bí orin bá ń lọ, ọwọ́ mi kì í mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe. Òun ń fẹ́ ìròyìn.

"Orin ló ń jẹ òkúta," ni yóò wí. "Ta tiẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún? Olówó! Ṣé o ti gbọ́ kí wọ́n ki àgbẹ̀ rí?"

"Ìròyìn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń dárúkọ àgbẹ̀ níbẹ̀?"

Á máa fa irùngbọ̀n.

Bákan náà ni lórí ìwé. Èmi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ bí àwọn ọmọ wa bá ti ju ìwé ìtàn wọn sílẹ̀, èmi ló kàn. Irọ́ ni Bàbá ọmọ ka gbogbo rẹ̀ sí. Mo ní irọ́ tó dùn sàn ju òtítọ́ tó dà bí iyanrìn lẹ́nu lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn wa ti ṣọ̀kan ni pé òǹkọ̀wé tó bá parí ìwé rẹ̀ síbi ìgbéyàwó, kò tíì gbéyàwó rí.

Ti ìṣèlú ni kò ṣeé bá a ṣàwàdà. Láti ọdún 1967 tí wọ́n ti kó wa mọ́ Ìlọrin ló ti ń sọ pé Lọ́kọ́ja á di olú-ìlú ìpínlẹ̀ kan kóun tó kú. Á nawọ́ sí òkè Pátì: "Ibí yìí lòyìnbó ti kọ́kọ́ jókòó. Àwa wá ń wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin nítorí òǹtẹ̀ kan lórí bébà!"

Lọ́dún tí wọ́n tún ń dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, télọ̀ kan, ará Ẹ̀bìrà, tó ń ránṣọ lójúde wa, sáré wọlé: "Baba, wọ́n ti fún wa!" Bàbá ọmọ ò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Àkùkọ tí mo ń sìn de Kérésì, ó pa á, ó pe àdúgbò. Àwọn tó jẹ ẹ́, mo lè ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí dòní; n ò kọ wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ti di ará ọ̀run. Ẹran ṣì wà lẹ́nu wọn nígbà tí rédíò ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ náà tán. A ò sí níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ló ti di Gómìnà Alákùkọ. Bó bá gba etí odò kọjá, àwọn Nupe ẹlẹ́ja á kígbe: "Sannu, Gómìnà! Àkùkọ dà?" Á bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá délé, kì í rẹ́rìn-ín. Ó búra pé òun ò ní gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, àfi bóun bá fi etí ara òun gbọ́ ọ lórí rédíò.

Lọ́dún 1991, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kò ní dìde, ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ tún gba ìgboro kan. Òjò ò jẹ́ kí oòrùn yọ. Òkúta tutù lórí páànù bí ìgbín. Àbúrò mi ra géèmù kan wá láti Èkó fún àbígbẹ̀yìn wa obìnrin: bíríkì ń já bọ̀ láti òkè ojú gíláàsì rẹ̀, ọmọ ń tò ó, bó bá tò ó gún tán, á pòórá. Mo ní iṣẹ́ àṣedànù nìyẹn. Bàbá ọmọ wò ó láti orí ẹní rẹ̀.

"Ìjọba wa ló jọ. Ohun tẹ́nìkan bá tò dáadáa, wọ́n á pa á rẹ́."

Lọ́jọ́ kan télọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kò láyà àtiwọlé.

"Baba, wallahi, wọ́n ti fún wa. Lọ́kọ́ja!"

"Àkùkọ mélòó lo tún fẹ́ jẹ?" Ohùn rẹ̀ ti tinrín. "Ẹ tan rédíò."

Mo tan án. Ó kùn díẹ̀, ó kú. Bàbá ọmọ yíjú sí ògiri, mo sì rí i pé yóò lọ láìgbọ́.

Ọmọ wa ṣí ìdí géèmù rẹ̀, ó yọ òkúta méjì jáde, ó kì wọ́n sínú rédíò. Nígbà tí wọ́n tún ìròyìn náà kà, a gbọ́ orúkọ ìpínlẹ̀, a sì gbọ́ Lọ́kọ́ja. Bàbá ọmọ gbọ́wọ́ sókè títí wọ́n fi kà á tán, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló pe télọ̀ wọlé.

"Ìyá ọmọ, pa àkùkọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè jẹun?"

"Òun ni kó jẹ ẹ́. Ó tọ́ sí i lónìí." Ó mí. "Yí rédíò yẹn sí orin."

"Á jẹ òkúta o."

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́."

Orin náà ń tinrín lọ díẹ̀díẹ̀, a jókòó tì í títí òkúta fi tán.

Ọjọ́ Sátidé la sin ín, lẹ́yìn ilé wa, ní Kabawa.