Èènì Orí 5k

Ní ọ́fíìsì wa ní Èkó, wọ́n máa ń yìn mí pé n kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìpé. Ìyìn yìí ni mo gbé láti ilé mi ní Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ní mo fẹ́ bá àǹtí mi tún ọjà wọn ṣe.

Ọmọ ẹja àrọ̀ ni wọ́n ń tà. Orí fóònù ni àwọn oníbàárà ti ń tẹ iye ẹja tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́: 5k, 2.5k. Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tó ń jẹ́ k. Kò lè ro ó pọ̀ mọ́ nǹkan kan. Mo kọ kóòdù kékeré kan, kí ó yọ k kúrò, kí ó sì fi ẹgbẹ̀rún sọ iye tó kù di púpọ̀. 5k di 5,000, 2.5k di 2,500. Mo tilẹ̀ rántí àwọn tó ń tẹ K ńlá. Mo wá so ó mọ́ iye ẹja inú adágún: bí ohun tó jáde bá fi ẹyọ kan ju ohun tí oníbàárà béèrè, ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n. Orí mi wú.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá kan tó béèrè 5k dé láti Àgbọ̀wá. Àwọn ni oníbàárà àkọ́kọ́ tí àǹtí mi ní, nígbà tí ará àdúgbò ń sọ pé ẹja kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Àwọn òṣìṣẹ́ ka 5,000 géérégé sínú kẹ́ẹ̀gì. Bàbá ò kúrò lójú kan. Wọ́n ń retí kí ẹnìkan bu ẹja asẹ́ kan lé e ní èènì, bí ìṣe ibẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń ba àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́rù.

“Ó tán nìyẹn?”

“Ó pé, bàbá,” ni mo wí. “Ẹyọ kan ò dín.”

“Mi ò ní ó dín, ọmọ mi.”

Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì wọn lọ. Wọn ò bú mi, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú. Nígbà tó yá, a gbọ́ pé Ejìnrìn ni wọ́n ti ń ra ẹja báyìí. Àǹtí mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó dùn wọ́n dé ọkàn, ojú sì tì mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣirò mi ò ṣì.

Àǹtí bu ọmọ ẹja kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo fi ọkọ̀ gbé àwọn àti ẹja náà dé Àgbọ̀wá. Bàbá gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n wá yíjú sí mi.

“Ṣé kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹ mú àwọn wọ̀nyí jáde?”

Nígbà tí a padà dé Ẹ̀pẹ́, mo ṣí kóòdù náà kí n lè fi èènì sí i.

“Àǹtí, mélòó ni èènì orí 5k?”

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. “Tí mo bá kà á, ṣé èènì náà nìyẹn?”

Mo yọ àwọ̀ pupa yẹn kúrò. Láti ìgbà náà, iye ẹja inú kọ̀ǹpútà àti ti inú adágún kò bára mu mọ́. Ní àná, bàbá tẹ 8k ránṣẹ́.