Ikọ́ Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ dókítà, inú kásẹ́ẹ̀tì ni aláìsàn mi wà. Á wúkọ́, olùkọ́ inú kásẹ́ẹ̀tì á bi mí pé kí ló ń ṣe é, èmi ọ̀mọ̀wé á sì máa da Gẹ̀ẹ́sì bolẹ̀ nínú yàrá mi ní Kétu.

Lọ́jọ́ kan, ìyá onílé wa gbé ife tíì gbígbóná wọlé, wọ́n ní bàbá tó ń wúkọ́ dà. Mo nàka sí tépù, mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ lásán ni? Abájọ! Mo ní ọmọ wo lèyí, tí àgbàlagbà ń wúkọ́ níwájú ẹ̀, tí kò lè sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́?"

Nígbà tí wọ́n wá kó wa dé wọ́ọ̀dù, bàbá kan wúkọ́ níwájú mi. Mo dúró gbagidi, mò ń retí ìbéèrè olùkọ́.

Bàbá yẹn wojú mi títí, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ pẹ̀lẹ́ o."