Ilẹ̀kùn Tí Ọ̀nà Kuta Mọ̀

Kí Nàfísátù tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ tó ti fì sílẹ̀, ó máa ń fi ìbàdí gbé e díẹ̀, bí abiyamọ ṣe ń gbé ọmọ tó ń yọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàdí á gbé e, ọwọ́ á tì í, ilẹ̀kùn á dáhùn. Kì í wo ohun tó ń ṣe. Ẹnu rẹ̀ lè wà lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, ojú rẹ̀ lè wà lára ẹni tó ń kí i. Ìbàdí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Píkọ́ọ̀pù Dátsùn ayé àtijọ́ ni, aláwọ̀ aró, èyí tó ní gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta létí gíláàsì ńlá. Ọkọ rẹ̀ ló fi kọ́ ọ ní mọ́tò wíwà. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ẹbí ní kó ta ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ fi kó ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn wálé ná. Ẹ̀gẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì tán títí di òní.

Láti Ìwó lọ sí Kuta, oko wà lápá ọ̀tún, oko wà lápá òsì, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í hàn sí títì. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà. Kò sí ẹni tó máa fi ọkọ́ sílẹ̀ kó wá dúró máa wo ọ̀nà. Bí Nàfísátù bá ti dé ìdí igi ọdán, á dẹ ìrìn, á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á fi àtẹ́lẹwọ́ lu ikùn ilẹ̀kùn: gbàǹ, gbàǹ, gbàǹ. Irin náà nípọn, inú rẹ̀ ṣófo. Ìró rẹ̀ máa ń gba àárín ẹ̀gẹ́ kọjá, á dé ibi tí wọ́n ti ń já ata. Àwọn obìnrin á di ẹrù wọn, wọ́n á rù ú jáde, á sì gbé e dé ọjà Odò-Ọrí fún wọn.

Raheemah, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ni ní ilé-kéú, kò yéé fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màámi, fóònù wà o. Hóònù náà wà."

"Hóònù? Ọlọ́kadà ń fun ún, tírélà ń fun ún, ẹni tí ewúrẹ́ dí lọ́nà ń fun ún. Èwo ni kí wọ́n jáde sí? Fóònù wá ńkọ́, ta ni yóò fi ọwọ́ ẹrẹ̀ gbé e?"

"Ẹ ti lè jiyàn jù."

"Ta ni ìwọ náà jọ?"

Lọ́dún tó kọjá, irin gígùn tó gbé gbogbo ara ọkọ̀ náà ró kán sọ́nà. Wọ́n fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù Oyèlẹ́yẹ, panẹ́bítà ọ̀nà Ilé-Ogbó, ẹni tó ti ń bá a tún ọkọ̀ náà ṣe láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Oyèlẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe àdúà fún un."

"Kò tíì kú."

"Ó ti ń rùn, Màmá."

Nàfísátù gbà. Ó ra òmíràn lọ́wọ́ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Olúpọ̀nnà: Dátsùn náà ni, píkọ́ọ̀pù náà ni, àmọ́ ìran tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ ni. Funfun ni. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ìdúró rẹ̀ ga, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní gíláàsì onígun mẹ́ta. Èyí àtijọ́ wọ ẹ̀yìn ilé lọ, adìyẹ yé sórí àga rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní tó gbé ọkọ̀ funfun náà gba ọ̀nà Kuta, ó na ọwọ́ jáde nídìí ọdán, ó lu ilẹ̀kùn. Ó dà bí ẹni ń lu tìmùtìmù. Ìró náà bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá táyà. Ó tún un lù. Ó fun hóònù. Àwọn tó wà nítòsí títì jáde, wọ́n di ẹrù sí i, wọ́n kí i kú oríire ọkọ̀. Sọ̀fíyàt kò jáde. Nàfísátù rò pé kò wá oko lọ́jọ́ náà ni. Ó lọ.

Sọ̀fíyàt wá oko. Oko rẹ̀ ló jìn jù. Ọ̀rẹ́ ni òun àti Nàfísátù láti kékeré. Wàláà kan náà ni wọ́n jọ fi kọ́ alífáà. Ó ti já tòmátì rẹ̀ láti àárọ̀, ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń dẹtí. Ó dẹtí títí oòrùn fi wọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi ti ń sun lábẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ dé ọjà. Obìnrin kan tó ń ta ata ló gbé e wá.

"Sọ̀fíyàt ní ẹ kò wá, ẹ̀gbọ́n."

"Mo wá."

"Ó ní ẹ kò wá. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ yín ti kú, ẹ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Wọ́n ti pe ọkọ̀ Nàfísátù ní àgọ́ adìyẹ rí, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti ní ó ń wakọ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pé òun kò wá! Ó ránṣẹ́ sí Sọ̀fíyàt pé òun wá, òun lu ilẹ̀kùn. Èsì tó padà kò gùn: etí òun kò tíì di. Láti ọjọ́ náà, ọlọ́kadà kan ni Sọ̀fíyàt ń kó ẹrù rẹ̀ fún.

Nàfísátù wa ọkọ̀ funfun náà lọ bá Oyèlẹ́yẹ.

"Yọ ilẹ̀kùn ti àtijọ́ kí o fi sí èyí."

Oyèlẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

"Màmá, wọ́n jọ ń jẹ́ Dátsùn ni, wọn kì í ṣe ìbejì. Ti àtijọ́ gùn ju ẹnu ọ̀nà èyí lọ. Ibi tí wọ́n gbé e kọ́ kò bára mu. Lọ́ọ̀kù ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti èyí wà lókè."

"Ṣé o kò lè ṣe é ni?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní kò yẹ kí èèyàn ṣe é."

"Ìyẹn yàtọ̀."

Oyèlẹ́yẹ lọ sí ẹ̀yìn ilé Nàfísátù, ó lé adìyẹ, ó yọ ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ilẹ̀kùn nìkan ló yọ. Ó gé irin tí wọ́n gbé e kọ́ lára ọkọ̀ àtijọ́ pẹ̀lú, ó jó o mọ́ ara ọkọ̀ funfun. Ó gbé ojú lọ́ọ̀kù ọkọ̀ funfun wá sísàlẹ̀. Ó gé etí ilẹ̀kùn, ó ká irin rẹ̀ wọnú, ó fi òòlù kékeré tẹ́ ẹ bí ẹni ń ṣẹ́tí aṣọ. Níbi tó yẹ kó ti dúró, kò dúró. Oyèlẹ́yẹ kì í jẹ́ kí ohun tó burẹ́wà jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi pọ́tì dí gbogbo ibi tó tẹ̀, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Ó kì fóòmù sínú ikùn rẹ̀. Ó kùn ún ní funfun. Nígbà tó tì í, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn fíríìjì. Ó ṣí i, ó tì í, ó tún ṣí i, kí àwọn tó ń kọjá lè rí i.

Nàfísátù dé, ó yí i ká, ó ní ó dára. Ó wọlé, ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó lù ú.

Bù. Bù.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

"Oyèlẹ́yẹ."

"Màmá."

"Kí lo kì sínú rẹ̀?"

"Fóòmù ni. Kó má baà máa pariwo."

"Ta ló ní kó má pariwo?"

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ ọ̀nà Kuta fún un, ti igi ọdán, ti tòmátì Sọ̀fíyàt. Oyèlẹ́yẹ ń wo ilẹ̀kùn náà bí ó ti ń sọ ọ́.

"Ẹ kò sọ fún mi."

"O kò bi mí."

Oyèlẹ́yẹ mú òòlù. Pọ́tì ń ṣí kúrò bí èèpo ẹyin. Ó ti ọwọ́ bọ inú ilẹ̀kùn, ó fa fóòmù jáde bí ìfun adìyẹ. Àwọ̀ aró yọjú. Ibi tó tẹ̀ yọjú pẹ̀lú, kòtò kékeré kan lábẹ́ fèrèsé, tó gba àtẹ́lẹwọ́ kan gẹ́lẹ́.

"Bí wọ́n bá bi yín pé ta ló ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi."

"Orúkọ rẹ gan-an ni màá kọ́kọ́ dá."

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Nàfísátù dé ìdí ọdán. Ó na ọwọ́ jáde.

Gbàǹ. Gbàǹ. Gbàǹ.

Àwọn ẹyẹ fò. Lẹ́yìn náà ewé ẹ̀gẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, orí ń yọ, apẹ̀rẹ̀ ń bẹ lórí orí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ funfun, ilẹ̀kùn aró! Ṣé ó yá aṣọ wọ̀ ni?"

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹ ó bà á jẹ́!"

"Ó ti bàjẹ́ tó bó ṣe wà!"

Wọ́n di ẹrù. Nàfísátù ń bá wọn dì í, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà oko. Ẹnìkan kò tún yọ mọ́.

"Sọ̀fíyàt ńkọ́?"

Àwọn obìnrin wo ara wọn. Zakiyyah, ìyàwó ọmọ Sọ̀fíyàt, fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Wọ́n gbọ́, Màmá. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ti di ẹrù wọn. Wọ́n wá jókòó tì í."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní bí ẹ bá wá lóòótọ́, kí ẹ wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kó tún ilẹ̀kùn lù. Nàfísátù pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ìbàdí gbé ilẹ̀kùn náà díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fì sílẹ̀ mọ́, ó tì í. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a ṣe òṣùká, ó sì yà sí ọ̀nà oko.